Mọ́ọ̀pù Fáòsíà

"Ẹ má jáde o, mo ti dé ibùdókọ̀ Circle," ni Fáòsíà wí lórí fóònù.

Àyà télọ̀, ọkọ rẹ̀, já. Ó ti tó oṣù kan tí ìyàwó rẹ̀ ti bínú lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ashaiman, mọ́ọ̀pù oníná tó máa ń fi ooru omi nulẹ̀ kò sì tíì ṣiṣẹ́. Télọ̀ ló bà á jẹ́. Fáòsíà kìlọ̀ títí pé kó má rọ omi kànga sí i, omi inú ọ̀rá ni kó máa lò. Kò gbọ́. "Ẹ kì í gbọ́ tèmi," ni Fáòsíà wí kó tó jáde nílé.

Télọ̀ rọ fínígà, omi kíkan, sínú ẹ̀rọ náà, ó ń fi abẹ́rẹ́ tú ihò ẹnu rẹ̀, òógùn ń kán sí i lójú. "Ọlọ́run, ṣàánú mi. Jẹ́ kó rí i pé mo ti ń gbọ́rọ̀." Ìdọ̀tí funfun já bọ́. Ó ṣàn án, ó tan iná sí i. Ẹ̀rọ kùn, ó dákẹ́, ó wá tú ooru yàà!

Ibi tó ti ń nulẹ̀ ni Fáòsíà bá a.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Mo tún un ṣe fún ọ ni."

Fáòsíà rẹ́rìn-ín. Télọ̀ mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ń rò ó pé màá ra òmíràn sí yàrá tí mo gbà ní Ashaiman."

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a gbé mọ́ọ̀pù náà dé inú takisí tó ń dúró dè é.