Àwo Mẹ́jọ fún Neville

Ọwọ́ ń ro Clive Tranter.

Láti àárọ̀ ló ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àwo orin kan ní Walsall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń buwọ́ lu àwo orin fún àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì rẹ̀.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Tíì tí wọ́n gbé fún un ti tutù, èrò tó tò síwájú rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè dìde.

Màmá arúgbó kan gbé àpò kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwo mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ kọ 'Neville' sí gbogbo ẹ̀. Ọkọ mi ni. Ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jáde ló ń rà á."

"Neville mà gbádùn wa o!" Ẹ̀rín tí Clive ti ń rín láti àárọ̀ náà ló tún rín.

"Kò gbádùn yín. Ó kàn ń gbọ́ yín ni."

Clive buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ tán, ó wá kíyè sí nǹkan kan.

"Màmá, mẹ́sàn-án la ṣe. Àkọ́kọ́ ò sí níbí, èyí tó sọ wá di èèyàn."

"Ìyẹn ò nílò ọwọ́ yín. Ọkọ mi ló ta gìtá inú ẹ̀."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Clive.

"Lofty?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Lofty. Lẹ́tà lásán lẹ fi lé e kúrò nínú ẹgbẹ́."

"Ṣé ó ṣì ń bínú sí mi?"

"Ọdún kan ló fi bínú. Gbogbo èyí tó kù, ó ń retí kí ẹ pè é ni."

Clive yọ fóònù. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀. Mo fẹ́ pè é báyìí."

Màmá náà rọra ń kó àwọn àwo padà sínú àpò.

"Nọ́ńbà kẹ̀? Inú pósí ẹ̀ ni mò ń kó ìwọ̀nyí sí lọ́jọ́bọ̀."