Ewé Kan, Àpò Mẹ́wàá

Àlọ́ o! Ààlọ̀! Àlọ́ mi sá wọ igbó, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ nínú ìdè.

Ẹfọ̀n, ọba ẹranko, fòfin de ewé òòyì, nítorí ó ń da àwọn ọ̀dọ́ lórí rú. Eyín ń dun ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ náà já ewé òòyì kan láti fi tọ́jú rẹ̀, ni wọ́n bá mú un. Ìmàdò ń ta ewé náà ní tirẹ̀. Wọ́n ká àpò mẹ́wàá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọba dá ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìmàdò jẹ́ àna ọba, ọjọ́ méje péré ni ọba dá fún un.

Àdàbà, aládùúgbò Ọ̀kẹ́rẹ́, bá dá orin:

Ọba, gbé e wò,
Tẹ́rẹ́ná.
Ẹ̀ṣẹ̀ kò wúwo dọ́gba,
Tẹ́rẹ́ná.

Ó fẹnu gbé ewé kan náà, ó fò yí wọn ká. Ọba rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n di àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ru òun. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

“Kábíyèsí,” ni Àdàbà wí jẹ́jẹ́, “èyí tó mú yín kúnlẹ̀ gba ọjọ́ méje, èyí tí mo gbé fò gba ọdún méje?”

Omi bọ́ lójú ọba. Ó dá ọdún méje fún Ìmàdò, ó sì fúnra rẹ̀ tú okùn Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú, kò lè rìn.

“Gun ẹ̀yìn mi, ọmọ mi,” ni ọba wí. “Júwe ilé ìyá rẹ.”

Mo wò wọ́n títí wọ́n fi lọ, kí n tó wá ròyìn fún yín.