Ọbẹ̀ Màlúù Àárọ̀ Àyẹ̀wò

"Ẹran láàárọ̀ kùtù! Àbí o jí màlúù ni?" Eliseo, agérèké, ń rẹ́rìn-ín.

"Jẹun jàre, olówó orí mi." Ìyàwó rẹ̀ tún bu ọbẹ̀ kún un. Obìnrin náà ti sin àbúrò rẹ̀ méjì tí ooru àti òùngbẹ oko ìrèké ba kíndìnrín wọn jẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún un pé bí èèyàn bá jẹran yó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí iléeṣẹ́ ìrèké ń ṣe kí wọ́n tó gbani síṣẹ́ lè pe kíndìnrín tó le koko ní aláìsàn.

Lọ́sàn-án, Eliseo dé. "Iléeṣẹ́ ò gbà mí. Wọ́n ní kíndìnrín mi ò dáa."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú kúrò kó má baà rí ẹ̀rín òun.

Eliseo mú àdá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mo ti rí agbaṣẹ́ṣe kan tí kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò sí omi, kò sí ibòji lóko tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọbẹ̀ yẹn ṣẹ́kù? Mo nílò agbára."