Ọmọ Tó Ń Gba Máàkì Jù

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ọmọ náà tó kó ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ̀ sínú ọkọ̀ tán, ìyá rẹ̀ á ti pè.

"Ọkọ mi, olórí pípé! Mo ti rí i lórí fóònù. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Ta ló tún gbà tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí, màámi."

"Wọ́n sì ti ní kó o máa bọ̀ nílé. Àwọn olódo yòókù á ṣì máa làágùn níbẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò!"

Ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, ẹ̀rín yìí nìkan ló kù nínú ilé. Ọmọ náà kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pa á.

Báyìí ni wọ́n ṣe lo gbogbo sáà ìdíje gọ́ọ̀fù ìpele kejì, láti pápá dé pápá.

Ó wá ku ìdíje kan ṣoṣo. Ìwé ti dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìdíje: bí kò bá gba ife, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá, wọn ò ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ Àìkú, ó ṣì wà lórí pápá.

Fóònù dún. Ohùn ìyá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin péré? Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

Omi lé ròrò sí i lójú, ó bú sẹ́kún. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ife fàdákà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù ló ń borí.

"Má sunkún," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan."