Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ epo kan ní downtown, nílùú òyìnbó tí wọ́n ń gbé, dá òun àti igba ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́, Yẹ̀kínì Ọlábánjọ pinnu láti ra ìbọn. Ọdún 2015 ni. Wọ́n ti fi ilé wọn ní Redstone sílẹ̀, wọ́n ti kó wá sí basement kan, yàrá abẹ́ ilé, ní Forest Lawn, òun, Rafiat ìyàwó rẹ̀, àti Ummulkhair ọmọ wọn ọdún mẹ́fà. Rafiat ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Iṣẹ́ náà ń san owó ilé, kò ra ẹran.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Alhaji Adéògún dá Yẹ̀kínì dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, lójú gbogbo ènìyàn. Alhaji yìí ló ń bójú tó oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún àwọn tí kò níṣẹ́.

"Yẹ̀kínì, n kò rí orúkọ rẹ nínú ìwé mi. Wá kọ ọ́, kí n lè máa fún ọ ní ẹran."

"Ẹ ṣé, Alhaji. Ẹran ń bọ̀ wá sílé wa. Àgbọ̀nrín ni."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alhaji náà rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tó ń ya páìpù sórí kọ̀ǹpútà? Ẹran ìgbẹ́ ní òfin o. Kí ẹni tó pa á jẹ́ Mùsùlùmí, kí ó jẹ́ ọkùnrin tó péye, kí ó sì pe orúkọ Ọlọ́run kí ó tó yìnbọn."

"Ibo ni wọ́n kọ gbogbo ìyẹn sí, Alhaji?"

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀sìn?"

"Rárá, sà. Mo kàn ní kí ẹ fi hàn mí ni."

Alhaji kò fi hàn án. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. "Ó dáa. Tí oṣù kọkànlá bá parí tí ẹran kò wọlé rẹ, wàá wá síbí, wàá kọ orúkọ rẹ lójú gbogbo wa. Tó bá wọlé, èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

"Mo gbà," Yẹ̀kínì dáhùn.

Rafiat, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Àwọn méjèèjì lọ sí kíláàsì ọjọ́ méjì tí ìjọba ń béèrè kí ènìyàn tó lè ní ìbọn. Rafiat di ìrẹsì sínú kúlà. Nígbà tí ìwé àṣẹ ìbọn dé, Yẹ̀kínì ra ìbọn àlòkù kan. Ọta rẹ̀ kéré, kì í ti ènìyàn sẹ́yìn púpọ̀, irin tí wọ́n fi ń ti ọta wọlé sì wà ní apá òsì.

Nasir, ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé ní Whitehorn, wá wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ! Ìbọn ọlọ́wọ́ òsì rèé. Òyìnbó don see mumu."

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀."

"Bàbá ìyàwó yín ni ọdẹ ní Ṣakí o, ẹ̀yin kọ́. Wọn kò di iṣẹ́ ọdẹ mọ́ ẹrù ìyàwó fún yín."

Yẹ̀kínì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń fi ayùn gé ìdí ìbọn náà kúrú, ó tó ìka méjì. Nígbà tó ṣe tán, ó na ọwọ́ fún screwdriver. Rafiat fi ọwọ́ òsì mú un fún un, ó rántí ara rẹ̀, ó yára pààrọ̀ ọwọ́.

"Ẹ má bínú," ó ní.

"It's too small for you, Daddy," Ummulkhair wí.

"Ó tó."

Ó lẹ rọ́bà rírọ̀ mọ́ ìdí ìbọn náà, ó de awò tí wọ́n fi ń wo òkèèrè sórí rẹ̀, ó sì tì í mọ́nú àpótí irin. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lápò rẹ̀, èkejì wà lápò Rafiat.

Sátidé mẹ́rin ni òun àti Rafiat fi lọ sí pápá ìdánrawò ìbọn lẹ́yìn ìlú. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ọta mẹ́ta bọ́ sí apá ọ̀tún ìwé tí wọ́n kàn mọ́ pátákó ní ọgọ́rùn-ún mítà. Yẹ̀kínì kọ ọ́ sílẹ̀, ó yí bọ́tìnì ara awò náà díẹ̀. Ní Sátidé kejì, àwọn ọta náà lọ sókè jù. Kò yí nǹkan kan rí láìkọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di Sátidé kẹrin, ìdérí ife tíì kan bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́sẹ̀ náà, Rafiat ń fi róòbù para ní èjìká. Morọ́láyọ̀ aládùúgbò wọn sọ pé iṣẹ́ gbígbé arúgbó ló fà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá nínú oṣù kọkànlá, wọn kò rí ju ipa ẹsẹ̀ ẹran lọ. Nasir pè lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, Alhaji ti ra bírò tuntun o."

"Sọ fún wọn kí wọ́n fi pamọ́."

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Morọ́láyọ̀, wọ́n kírun àárọ̀ létí igbó. Snow dé ọrùn ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa kí àgbọ̀nrín kan tó jáde láàárín àwọn igi tí ewé wọn ti wọ́ tán, ó dúró ní ìwọ̀n ọgọ́rin mítà. Yẹ̀kínì sé èémí rẹ̀.

"Bismillah, Allahu Akbar."

Ohùn náà kò gbọ̀n. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji Adéògún àti Nasir jókòó sídìí tábìlì nínú basement náà. Rafiat gbé ọbẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ kí Alhaji, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o pe orúkọ Ọlọ́run?" Alhaji bi Yẹ̀kínì.

"Wọ́n pè é kedere kí ìbọn tó dún, Alhaji."

Alhaji jẹ ẹran mẹ́rin. Ó ní òun kò tíì jẹ irú rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé.

"Ọkùnrin ni ọ́, Yẹ̀kínì. Mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ńkọ́? N kì í jẹ ẹran olè."

Yẹ̀kínì gbé ìwé àṣẹ ọdẹ lé orí tábìlì.

Alhaji Adéògún ju ẹran karùn-ún sẹ́nu, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ka orúkọ ọdẹ náà sókè kí ó tó gbé ẹran náà mì: Rafiat Ọlábánjọ.