Ẹsẹ̀ Wo Ló Ń Dùn Yín?

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Aláwàdà ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tiro. Ó tẹ ọ̀pá láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, ó yí padà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn, ọkọ mi," ni ìyàwó birikílà wí. Ó ń lọ aṣọ lórí tábìlì. "Ẹ̀ ń rìn bí ẹni tó fẹ́ jó. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í mi èjìká."

"Ìyàwó, bí wọ́n ṣe bí mi nìyí. Ara mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ráhùn."

"Ẹ yáa tètè kọ́ ọ kí bọ́ọ̀sì tó dé."

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Aláwàdà, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó le tó kó má rí ẹ̀fẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tọjọ́ yìí kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀. Birikílà jábọ́ láti òkè ilé tí wọ́n ń kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, ó sì béèrè fún owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn tí ara wọn ò gbé iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni dókítà ọ́fíìsì ìrànwọ́ rí i, nígbà tó ṣì ń fi ọ̀pá rìn. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ẹni tó lè tẹ ọ̀pá lè jókòó ṣọ́ géètì. Bí wọn ò ṣe fún un ní nǹkan kan nìyẹn.

Ìyàwó gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe ẹjọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ò rí birikílà. Ìyàwó ṣàlàyé títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, akọ̀wé kóòtù ní àwáwí ni gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Gbé e wá kí adájọ́ fojú rí i. Bí a ò bá rí i lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn."

Kí wọ́n tó jáde, ìyàwó wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ti wá jókòó sí pálọ̀ láti bá wọn ṣọ́lé. Ìyá náà wo Aláwàdà látòkè délẹ̀.

"Kí Ọlọ́run forí jì yín," ló wí.

"Àmín, màmá," ni Aláwàdà dáhùn. Ó ki ọ̀pá bọ abíyá, ó sáré lé bọ́ọ̀sì.

Kóòtù kún. Nígbà tí akọ̀wé pe orúkọ birikílà, Aláwàdà na ọ̀pá sókè láti ẹnu ọ̀nà. "A ti dé, olúwa mi." Ó ń tiro bọ̀ jẹ́jẹ́, àánú rẹ̀ sì ń ṣe àwọn èèyàn. Ó kù díẹ̀ kó dé iwájú ni ìyàwó wúkọ́ lójijì.

Lọ́yà ọ́fíìsì ìrànwọ́ fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta. "Olúwa mi, nígbà tó ń wọlé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń wọ́. Nígbà tó dé àárín, ó ti di tòsì. Ọ̀gbẹ́ni, ẹsẹ̀ wo ló ń dùn yín gan-an?"

Ìyàwó di bẹ́ǹṣì mú.

"Lọ́yà mi," ni Aláwàdà wí, "ẹ ka ìwé ọsibítù dáadáa. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò dárúkọ ẹsẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Adájọ́, ìyá kan tó fi awò ojú sí téńté imú, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyàwó bọ́ síwájú. Ìyàwó búra pé òtítọ́ lòun máa sọ.

"Kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí ọ?"

"Ọkọ mi ni, olúwa mi."

"Báwo ni nǹkan ṣe rí fún birikílà nílé?"

"Èmi ni mò ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Bí eṣinṣin bá bà lé e níwájú orí, ó di kó pè mí. Ọwọ́ tó ń to búlọ́ọ̀kù tí àwọn ọ̀gá ń wá wò, kò gbé ife dé ẹnu mọ́. Ó sì máa ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, olúwa mi. Kí ni n ó bínú sí?"

Aláwàdà, tó ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, dorí kodò. Omi ojú rẹ̀ kán sórí bàtà.

Lọ́yà mirí. "Ẹni tí kò lè lé eṣinṣin! Ta ló wá gbé e dé ibí?"

"Ẹbí ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ibí, sà."

Adájọ́ wo Aláwàdà fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ìyàwó. Lẹ́yìn náà, ó gbé fọ́tò egungun tí ọsibítù yà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Lọ́yà, ṣé dókítà yín wo èyí?"

"Kò… kò sí nínú ohun tó kọ, olúwa mi."

"Ahọ́n ló wò." Ó gbé fọ́tò náà kalẹ̀. "Ẹsẹ̀ lè ṣẹ̀fẹ̀, egungun kì í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀yìn yìí ò lè ṣọ́ géètì ẹnikẹ́ni. Mo fagi lé ìpinnu ọ́fíìsì. Kí wọ́n san owó birikílà fún un, láti ọjọ́ tó ti béèrè."

Aláwàdà rọra tiro jáde. Nígbà tí wọ́n yà ní kọ̀rọ̀ òpópónà, ó gbé ọ̀pá lé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Ẹ ṣé, ọkọ mi," ni ìyàwó wí. Ó di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Kò tọ́pẹ́, ìyàwó. Jẹ́ ká tètè délé."

Bí wọ́n ṣe délé, Aláwàdà bọ́ bàtà, ó wọ yàrá lọ tààrà, ó lósòó ti bẹ́ẹ̀dì tí birikílà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nà gbalaja sí láì lè yí ọrùn, ó sì fi ẹnu sí i létí pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti jàre."