Ọ̀gá Ardengo àti Àwòrán Ọgbà Rẹ̀

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà nìyí: Ọ̀gá Ardengo, tó ni ilé ńlá orí òkè, Ìyáàfin Ersilia, aya rẹ̀, Quirino, bàbá mi àgbà, tó ń tọ́jú ọgbà, Zelinda, ìyá mi, tó ń dáná, Aubertin, ayàwòrán tó wá láti ilẹ̀ Faransé, àti èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Gbogbo wọn ti kú. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù tó lè sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò sì ní bu iyọ̀ sí i.

Ọ̀gá Ardengo kì í ṣe òǹrorò. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó bá ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo òun.

Ní ilé yẹn, bí wọ́n bá bí ọmọ, wọ́n á gbin lẹ́mọ́ọ̀nù kan sínú ìkòkò amọ̀ ńlá tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sí lára. Ìkòkò méjìlá ló wà ní ìlà méjì, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí odi. Èyí tó kẹ́yìn ni ti Oretta, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀gá àti Ìyáàfin bí, tí ibà pa ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyáàfin fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin igi yẹn. A máa ń gbọ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ pé, "Jí o, ìyá mi. Ilẹ̀ ti mọ́."

Lẹ́mọ́ọ̀nù kò lè fara da òtútù. Bí ọjọ́ Màtínì Mímọ́ bá ti pé nínú oṣù kọkànlá, ọkùnrin mẹ́rin á fi ọ̀pá gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan wọ ilé tí a kọ́ fún wọn, ó di oṣù karùn-ún kí wọ́n tó jáde. Àwọn baba wa kò fi èyí jáfara rí.

Ọdún yẹn, Ọ̀gá pe Aubertin kó wá ya ọgbà náà, kí wọ́n lè gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ní Firenze, ìlú ńlá ní Ítálì, níbi tí àwọn ènìyàn ńlá ti ń wo àwòrán. Ìta gbangba ni Aubertin ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí kan péré lójúmọ́, nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sórí ewé. Bí ìkùukùu bá ṣú, ó di ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò bá sí níwájú rẹ̀, kò ní yà á. Ọjọ́ Màtínì Mímọ́ dé, iṣẹ́ kò tíì tán.

"Ọ̀gá," ni bàbá àgbà wí, "àwọn géńdé ti dé. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọmọ wọlé. Eékún ń ro mí, òtútù ti ń bọ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Quirino, ṣé eékún rẹ ló wá di kàlẹ́ńdà? Fi òróró pa á. Àwòrán kò tíì parí."

"Ọ̀gá, igi tó kú kì í..."

"Ta ló ni ọgbà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó tán."

Ìyáàfin sáré dé, erùpẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Oretta, ẹ dákun, ti Oretta nìkan. Ìkòkò kan péré."

"Ká yọ ọ̀kan kẹ̀? Ìlà náà á dà bí ẹnu tí eyín iwájú rẹ̀ ká. Ṣé kí Firenze fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ìyá mi kùn nínú ilé ìdáná pé, "Ó kúkú dáa. Firenze náà ni yóò wá bá a sunkún."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, ìrì dídì bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, koríko funfun bí iyọ̀, gbogbo ewé lẹ́mọ́ọ̀nù sì dúdú bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ jù. Méjèèjìlá ló kú. Bàbá àgbà ṣí fìlà, ó ń lọ láti ìdí igi kan sí èkejì bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú. Ìyáàfin fi ìborùn rẹ̀ wé igi Oretta, ó sì jókòó tì í títí di ọ̀sán. Kò sunkún.

"Igi ni," ni Ọ̀gá wí. "A ó gbin òmíràn."

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú òtútù yẹn gan-an ni Aubertin ti parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí yàrá àlejò. A sún mọ́ ọn, a ò rí nǹkan kan àfi ẹ̀kán ọ̀dà lórí ẹ̀kán ọ̀dà.

"Ẹ sún sẹ́yìn," ni Aubertin wí.

A fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọgbà náà bá kóra jọ lójú wa: ọ̀nà, ìlà ìkòkò méjèèjì, oòrùn lára èso. Nídìí ìkòkò tó kẹ́yìn, ọmọdébìnrin kan dúró nínú aṣọ funfun, ó gbé ọwọ́ lé etí ìkòkò, ó kọjú sí wa.

"Ta nìyẹn?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Ọmọ yín kẹ̀, tó máa ń dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ tí ìrì dídì ti bọ́ ni n kò rí i mọ́. Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

Èmi nìkan ni ọmọdé nílé yẹn, n kò sì ní aṣọ funfun.

Ọ̀gá fa ọ̀bẹ yọ, ó sáré lọ láti ha ọmọ náà kúrò. Àmọ́ nígbà tó dé ìdí rẹ̀, ọ̀dà funfun láàárín ọ̀dà funfun ló rí. Kò mọ èyí tó jẹ́ ọmọ. Ó fẹ̀yìn rìn, ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, kò sí mọ́.

"Ẹ fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀, Bàbá Oretta," ni Ìyáàfin wí. "Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ pa á ti tó."

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Àwòrán náà kò dé Firenze láéláé. Ìyáàfin gbé àga sí ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí ó ti lè rí ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá gbé tirẹ̀ lọ sí ìdí ògiri, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọmọ náà kì í ti í wò ó. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ìyá mi gbé kọfí wọlé, ó bá Ọ̀gá tó ti kú, iwájú orí rẹ̀ wà lára àwòrán. Nígbà tí wọ́n pe Ìyáàfin, àwòrán ló kọ́kọ́ wò, ó pẹ́ kó tó wo ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Ẹni tó ni nǹkan kọ́ ló mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì fi ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ràn ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ojú ayé, ojú ayé á lọ, yóò wá ku òun àti ohun tó ṣe. Nives, ọmọ ọmọ mi, mo gbọ́ pé ọkọ rẹ fẹ́ hú àjàrà ẹ̀yìn ilé, Duilio tó ń ro oko yín sì ní kí ẹ dúró ná. Pe Duilio wọlé lónìí. Gbé àga fún un, kí o sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.